Ṣé kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń ṣe orin nílé nílò sáúńdì káàdì ọ̀tọ̀, àbí owó kàn ń yún yín lọ́wọ́?

Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíìtì máa ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra láàpútọ́ọ̀pù, sọ́fítíwià FL Studio tí wọ́n fi ń ṣe bíìtì ti wà lórí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sáúńdì káàdì wo ni kí n rà?" Tí mo bá ní kí lo fẹ́ fi ṣe, wọ́n á ní ṣebí gbogbo sítúdíò ló ní i. Òótọ́ ni, gbogbo sítúdíò ló ní i, gbogbo sítúdíò náà ló ní àga onítáyà, ṣé àga ló ń kọrin ni?

Èmi gan-an ti jìn sí kòtò yẹn rí o. Mo ra tèmi kí n tó ní máíkì, oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi wà lórí tábìlì tí iná ara ẹ̀ ń tàn, tó jẹ́ pé bíìtì lásán ni mo fi ń gbọ́, owó yẹn ì bá ti ra héédífóònù gidi fún mi. Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní sọ fún yín pé ẹ rà á tàbí ẹ má rà á, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dán kọ̀ǹpútà yín wò. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò yìí, torí àwọn kan nínú yín á ti rí ìdáhùn kí wọ́n tó dé ìdajì.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe

Audio interface ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, àmọ́ sáúńdì káàdì lèmi mọ̀ ọ́n sí, ìyẹn náà ni màá máa pè é. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ti ní ọ̀kan nínú tẹ́lẹ̀, kékeré kan báyìí tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, Realtek ló pọ̀ jù nínú àwọn ti Windows, òun lẹ fi ń gbọ́ YouTube látọjọ́ yìí. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ máa fi USB so mọ́ ọn, nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe. Ó ń gba ohùn máíkì tó kéré gan-an, á gbé e sókè, á sọ ọ́ di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ó ń sọ nọ́ńbà padà di ohùn fún héédífóònù àti sípíkà. Ó sì máa ń ní dráíbà tiẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń jẹ́ kí òun àti kọ̀ǹpútà gbọ́ra wọn yé, tí kì í jẹ́ kí ohùn dúró pẹ́ lójú ọ̀nà.

Kò ní jẹ́ kí kíìkì yín, ìyẹn ìlù ńlá inú bíìtì, wúwo sí i o. Kò ní jẹ́ kí láàpútọ́ọ̀pù yára, torí prósẹ́sọ̀ àti RAM ni plọ́gìnì (àwọn ohun èlò orin inú sọ́fítíwià) ń jẹ, kì í jẹ sáúńdì káàdì. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé tẹ́ ẹ bá ṣe bíìtì tán tẹ́ ẹ wá tẹ export, orin yẹn ò gba inú sáúńdì káàdì kankan kọjá rárá, ìṣirò ni kọ̀ǹpútà ń ṣe tó sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì. Próójẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú plọ́gìnì kan náà, fáìlì WAV tó bá jáde lórí tòkunbọ̀ tí sípíkà ẹ̀ ti fọ́ ò yàtọ̀ sí èyí tó jáde ní sítúdíò olówó. Ohun tí sáúńdì káàdì lè yí padà nínú iṣẹ́ oníbíìtì ni ohun tí òun fúnra ẹ̀ ń gbọ́ nígbà tó ń ṣe é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ẹ kọ gbogbo ohun tó máa wọlé láti ìta sílẹ̀

Ẹ mú bébà, kì í ṣe orí lẹ máa rò ó sí. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń dún níta kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí àsìkò yìí, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà ní tòótọ́ o, kì í ṣe báńdì ẹlẹ́ni mẹ́wàá tẹ́ ẹ rí lójú àlá.

Tí bébà bá ṣófo, tó jẹ́ lúùpù àti plọ́gìnì àti kíbọ́ọ̀dù MIDI nìkan lẹ ń lò, ẹ ò nílò ẹ̀ láti fi gba nǹkan kan sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù MIDI kì í gbé ohùn wọlé, iṣẹ́ ló ń jẹ́, á ní "wọ́n tẹ nóòtì yìí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó nìyí", inú kọ̀ǹpútà ni ohùn ti ń dún. Ẹ lọ ṣe ìdánwò tó wà ní nọ́ńbà 3, tẹ́ ẹ bá yege níbẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

Tó bá jẹ́ ohùn èèyàn kan, ọ̀nà méjì ló wà, mo máa sọ ọ́ ní nọ́ńbà 5. Tó bá jẹ́ gìtá oníná tàbí gìtá béèsì, ẹ nílò ẹ̀, torí ihò máíkì ara láàpútọ́ọ̀pù kò bá gìtá mu, ohùn ẹ̀ á kú, á sì rẹlẹ̀, sáúńdì káàdì ló máa ń ní ihò tí wọ́n kọ INST tàbí Hi-Z sí.

Tó bá wá jẹ́ ìyáàlù, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti elégbè mẹ́ta lẹ fẹ́ gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí oníkálukú ní tíráàkì tiẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ra èyí tó ní ihò tó pọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa ra máíkì USB mẹ́ta kẹ́ ẹ kì wọ́n bọ inú kọ̀ǹpútà kan. Aago inú máíkì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, wọn kì í rìn pọ̀ dọ́ba, orin á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti lè máa ya kúrò lára gángan díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa gbà wọ́n, kí onígángan ṣe tiẹ̀ tán kí elégbè tó wọlé, ihò kan náà tó, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń gbọ́ tẹ́ ẹ rò pé èrò pọ̀ nínú yàrá, ẹnì kan ló ń lọ tó ń bọ̀.

3. Ẹ dán ìdádúró wò

Ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù, ohùn ò dún lójú ẹsẹ̀, ẹ ti gbé ọwọ́ kúrò kó tó dún. Latency ni wọ́n ń pè é, èmi á pè é ní ìdádúró. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í gbé ohùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń pọn ọ́n bí ẹni ń pọnmi ni, tí korobá bá kún ló tó gbé e rìn. Korobá yẹn ni buffer. Tẹ́ ẹ bá mú korobá kékeré, omi tètè ń délé, àmọ́ ẹ ó lọ ẹ ó bọ̀ títí á fi rẹ̀ yín, tó bá wá rẹ kọ̀ǹpútà ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta páròpárò. Tẹ́ ẹ bá mú korobá ńlá, ara tu kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nílé á dúró pẹ́.

Ní sample rate 44,100, ìyẹn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní sẹ́kọ́ńdì kan, tó jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, buffer 128 jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 2.9, 256 jẹ́ 5.8, 512 jẹ́ 11.6, 1024 sì jẹ́ 23.2. Ìyẹn fún ọ̀nà kan o. Tó bá jẹ́ máíkì lẹ fẹ́ gbọ́ ohùn ara yín nínú ẹ̀, ó máa wọlé ó máa tún jáde, ẹ sọ ọ́ di méjì kẹ́ ẹ tún fi díẹ̀ lé e. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe tó, ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ńdì kan, mílísẹ́kọ́ńdì 10 kò ju kẹ́ ẹ dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 11 sí sípíkà. Onígángan tó wà ní òdìkejì pèpéle ńlá ń gbọ́ ìyáàlù pẹ̀lú ìdádúró tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní kó má lù ú. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mílísẹ́kọ́ńdì 6 dẹ́rù bà yín. Akọrin tó ń gbọ́ ara ẹ̀ nínú héédífóònù nìkan ló tètè máa ń ráhùn, torí ohùn ẹ̀ ti ń dún nínú egungun orí ẹ̀ kí ti héédífóònù tó dé.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ìdánwò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ Bluetooth kúrò. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá ohùn dúró ju mílísẹ́kọ́ńdì 100 lọ, kò sí sáúńdì káàdì tó lè wò ó sàn, mo ti rí ẹni tó náwó gọbọi nítorí ìdádúró, tó jẹ́ pé íápíìsì aláìníwáyà ló wà létí ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó yá. Ẹ fi héédífóònù oníwáyà sí i. Tó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, ẹ wọ audio settings lọ kẹ́ ẹ mú ASIO. Ilé iṣẹ́ Steinberg ti Jámánì ló gbé ASIO jáde ní 1997 kí ohùn lè gba ọ̀nà àbùjá, kó má máa tò sẹ́yìn ohùn bíráúsà àti ohùn àlẹ́ẹ̀tì inú Windows. FL Studio ASIO máa ń bá FL wá, àwọn tó ń lo sọ́fítíwià mí-ìn lè dáúnlóòdù ASIO4ALL, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń lo Mac ò nílò gbogbo ìyẹn, Core Audio ti wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn onímac kì í fi í mọ ohun tí à ń jìyà lé lórí.

Ẹ ṣí próójẹ́ẹ̀tì yín tó wúwo jù. Ẹ fi buffer sí 512, ẹ tẹ play, ẹ tẹ́tí. Ẹ sọ ọ́ di 256, ẹ tẹ́tí, ẹ tún sọ ọ́ di 128. FL máa ń ka iye ìgbà tí ohùn já, ẹ wo underruns nínú audio settings yẹn. Tí 256 bá ń lọ láìta, tẹ́ ẹ tẹ dùùrù tí ìka yín ò sì bá yín jà, a ti parí ìyẹn. Ẹ̀yin tí bébà yín ṣófo, ẹ ò nílò sáúńdì káàdì, ẹ máa lọ ṣe bíìtì.

Tó bá ń ta, ẹ má tíì sáré lọ sọ́jà. Ẹ wo mítà CPU (prósẹ́sọ̀), tó bá ti ń lọ sókè gan-an, plọ́gìnì ló ń pa á, ẹ sọ àwọn tíráàkì tó wúwo di WAV. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ torí láàpútọ́ọ̀pù tó ń lo bátìrì máa ń fa ẹsẹ̀. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣẹlẹ̀ dáadáa pé dráíbà Wi-Fi ló ń já ọ̀nà gbà mọ́ ohùn lọ́wọ́, sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ LatencyMon lè fi dráíbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ hàn yín. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tẹ́ ẹ wá ṣí próójẹ́ẹ̀tì tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ju dùùrù ẹyọ kan, tó ṣì ń ta ní 512, ìgbà yẹn la lè fura sí sáúńdì inú kọ̀ǹpútà, sáúńdì káàdì tó ní ASIO tiẹ̀ máa ràn yín lọ́wọ́.

4. Ẹ dán ariwo wò

Oríṣi ariwo méjì ló wà, ọ̀tọ̀ ni oògùn kọ̀ọ̀kan, ibí sì ni owó ti ń ṣòfò jù.

Àkọ́kọ́ ni ariwo iná. Ẹ ki héédífóònù bọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí orin kankan máa dún, ẹ gbé fólúùmù sókè. Ẹ sún máòsì, ẹ fa wíńdò kan lọ fà á bọ̀. Tó bá ń ṣe "zzrrr" bẹ́ ẹ ṣe ń sún un, sáúńdì inú kọ̀ǹpútà ló ń kó ìdọ̀tí iná bọ́ọ̀dù, èyí tó wà lóde lè gbà yín. Àmọ́ ẹ yọ ṣájà wò ná. Tí ariwo bá kúrò tí ṣájà kúrò, ọ̀rọ̀ di ti áàtì. Ilé púpọ̀ ló jẹ́ pé ihò kẹta ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kàn wà fún ẹ̀ṣọ́ ni, wáyà áàtì ò dé ilẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ariwo yìí lè tẹ̀ lé USB wọnú sáúńdì káàdì tuntun tẹ́ ẹ rà, torí láti ara láàpútọ́ọ̀pù yẹn náà ló ti ń gba iná. Oògùn tí kò gba kọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ máa lo bátìrì nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ki ṣájà padà tẹ́ ẹ bá parí.

Ìkejì ni ariwo yàrá. Ẹ fi máíkì tẹ́ ẹ bá ní, kódà kó jẹ́ fóònù, gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún 30 sẹ́kọ́ńdì, kẹ́ ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i. Fáànù ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ará ẹ̀yìnkùlé? Ilé ìjọsìn tó kọjú sípíkà sójú títì? Nígbà tí máíkì tèmi wá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ yẹn, ohùn kan wà tó ń ṣe "gùùù" lábẹ́ gbogbo nǹkan tí mo bá gbà, mo bú sáúńdì káàdì mi tìyàtìyà, mo ti ń wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ mi kí n fowó kún un ra ńlá. Ọjọ́ kan ni NEPA múná dé láàárín iṣẹ́, aládùúgbò pa jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, "gùùù" bá kúrò lójijì. Ńṣe ni mo jókòó tí mo ń wo kiní yẹn bí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ̀. Tí mo bá ti ra ńlá ni, yóò kàn jẹ́ kí n gbọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn ní kedere sí i ni. Kúbùsù méjì tó wúwo, ẹ̀yìn wọ́ọ̀dúróòbù tí aṣọ kún inú ẹ̀, àti aago méjì òru, àwọn ló yanjú ẹ̀.

5. Ẹ wo máíkì tó wà lọ́wọ́ yín

Tẹ́ ẹ bá ti ní máíkì tó ń lo kébù oníhò mẹ́ta, XLR, ẹ ra sáúńdì káàdì, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ má lọ ra wáyà tó ń yí XLR sí ihò kékeré ara láàpútọ́ọ̀pù. Máíkì kọ̀ńdẹ́ńsà gidi ń fẹ́ fọ́ọ̀tì 48, òun ni wọ́n ń pè ní phantom power, ihò ara kọ̀ǹpútà ò lè fún un ju fọ́ọ̀tì díẹ̀ lọ. Irú BM-800 tó kún ìgboro yẹn, ọ̀pọ̀ tó ń pè é ní máíkì burúkú ni kò fún un ní iná tó tọ́ sí i rí, ó ń jáde tín-ín-rín, ariwo sì bò ó, wọ́n á ní ọjà ni ò dáa. Máíkì dánámíìkì bíi Shure SM58 ní tiẹ̀ ò nílò fọ́ọ̀tì 48, ohùn ẹ̀ ló kéré, ẹ máa gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀ lórí láàpútọ́ọ̀pù tí "ṣìììì" fi máa pọ̀ ju orin lọ.

Tẹ́ ẹ ò bá tíì ní máíkì rárá, tó sì jẹ́ ohùn ẹnì kan ṣoṣo, máíkì USB ti tó. Ẹ rántí pé sáúńdì káàdì ti wà nínú máíkì USB, òun ló ń sọ ohùn di nọ́ńbà, ẹni tó ra máíkì USB tó tún lọ ra sáúńdì káàdì nítorí ẹ̀ ti ra nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá èyí tó ní ihò héédífóònù lára kẹ́ ẹ lè máa gbọ́ ara yín láìsí ìdádúró. Àbùkù ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìkejì kún un lọ́la, wàhálà aago tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á dé, tí ihò USB ara ẹ̀ bá sì bàjẹ́, máíkì lọ, káàdì lọ.

6. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹ nílò ẹ̀

Ẹ padà síbi bébà yẹn. Iye ohun tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni iye ihò tẹ́ ẹ máa rà. Ohùn kan àti gìtá kan, oníhò méjì bíi Focusrite Scarlett 2i2 tàbí Behringer UMC202HD ti tó bọ́ọ̀lù í gbá. Ẹ rí i pé 48V wà níbẹ̀, pé bọ́tìnnì direct monitor wà kí akọrin lè gbọ́ ara ẹ̀ kí ohùn tó wọ kọ̀ǹpútà, torí tí ìyẹn bá ti wà, ìdádúró ò dun ẹnikẹ́ni mọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ó ní dráíbà ASIO tiẹ̀. Àwọn tó rọjú kan wà tó jẹ́ pé ASIO4ALL náà ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ lò, tó bá jẹ́ nítorí ìdádúró lẹ ṣe ń rà á, kí lẹ wá rà?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sample rate 192kHz gba owó kún owó lọ́wọ́ yín, 24-bit ní 44.1kHz tàbí 48kHz lẹ máa lò títí. Ẹ má sì ra irú sáúńdì káàdì V8 tó ní bọ́tìnnì àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín yẹn fún iṣẹ́ orin, ó dáa fún àwọn tó ń ṣe live lórí fóònù, ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Alaba tàbí Computer Village lẹ ti máa rà á, ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù, máíkì àti héédífóònù yín dání. Ẹ má gbà kí wọ́n fi orin dán an wò fún yín, orin máa ń dún lórí gbogbo nǹkan. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ ní ihò kìíní, ẹ gbà á ní ìkejì, ẹ yí gbogbo kọ́ọ̀bù láti ìsàlẹ̀ dókè kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha, ẹ tan 48V, ẹ mi ìdí USB díẹ̀díẹ̀. Tòkunbọ̀ pàápàá, ìdí USB ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

7. Tó bá délé

Ẹ fi dráíbà sórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó ki USB bọ̀ ọ́, àfi tí ìwé ẹ̀ bá sọ nǹkan mí-ìn. Ara kọ̀ǹpútà gan-an ni kẹ́ ẹ ki USB ẹ̀ bọ̀, kì í ṣe ara họ́ọ̀bù tí fáànù kékeré àti fóònù méjì ti ń jẹun. Ẹ kọrin níbi tó le jù nínú orin yín, ẹ yí gain, ìyẹn kọ́ọ̀bù tó ń gbé ohùn máíkì sókè, títí mítà fi dé nǹkan bíi -12 dB, tó bá pupa ẹ ti kọjá ààyè, gángan pàápàá nílò ààyè jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ohùn ẹ̀ máa ń fò sókè lójijì. Tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn, buffer 128 tàbí 256, tẹ́ ẹ bá ń ṣe mix, 1024. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn yín ní méjì bí ẹni tó wà nínú kànga, direct monitor àti ti inú sọ́fítíwià ló jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ pa ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó yọ kébù máíkì, ẹ rẹ sípíkà sílẹ̀, ẹ pa 48V, ẹ ka ogún lọ́kàn kẹ́ ẹ tó fà á.